Ẹ̀rí Lájídé Lẹ́nu Àgbékẹ́

Bí ẹ bá ní kí Àgbékẹ́ dárúkọ ohun tó ń rí i lára jù ní gbogbo Maiduguri, kò ní dárúkọ eṣinṣin ọjà màlúù Kasuwan Shanu, kò sì ní dárúkọ omi gọ́tà tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ẹnu Sájẹ́ńtì Lájídé ni. Bí ọkùnrin náà bá ti fẹ́ gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, á kọ́kọ́ yọ aṣọ ìnujú funfun, á fi nu ètè òkè, á nu ti ìsàlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àgbékẹ́ á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tó sì burú sí ni pé òun gan-an ló gbọ́dọ̀ dúró ti ẹnu náà, kó máa kó ohun tó bá jáde níbẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀.

Ògbufọ̀ ni Àgbékẹ́. Maiduguri ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ tó wá láti Ìkìrun ń ránṣọ ní àdúgbò Yerwa níbẹ̀ títí tó fi kú. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, òróró ẹ̀pà àti kúlíkúlí ló sì ń tà ní Monday Market. Sójà ni ọkọ rẹ̀, Ọládòṣù, ọmọ Ọ̀fà tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ìjọ kékeré onípáànù tó wà lẹ́yìn bárékè ni wọ́n ń lọ. Lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn sójà àti ọlọ́pàá Yorùbá pẹ̀lú ìyàwó wọn ló ń jókòó. Lápá òsì, àwọn ará Biu àti Gwoza tí ogun lé kúrò nílé, tí wọn ò gbọ́ ju Hausa lọ. Pásítọ̀ Olúwafẹ́mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò mọ̀ ju “sannu” tí wọ́n fi ń kíni àti “nawa ne”, èló ni, lọ. Bí kò bá sí Àgbékẹ́, apá òsì kàn máa jókòó wò wọ́n ni.

Ẹ sì mọ bí ògbufọ̀ ṣe ń ṣe. Kì í sọ pé “ó ní”. Bí ẹlẹ́rìí bá ní “mo”, òun náà á ní “mo”. Bí ẹlẹ́rìí bá sunkún, òun náà á gbọ̀n díẹ̀. Wọ́n ń yìn ín fún un.

Ìjọ náà kì í ṣe ìjọ burúkú, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀kọ́ Bíbélì, Ọjọ́bọ̀ ni ìbẹ̀wò, Sátidé ni gbígbálẹ̀. Nígbà tí Ọládòṣù kú, àwọn ni wọ́n bá opó rẹ̀ wá yàrá kan nígboro nígbà tó di dandan kó kúrò ní bárékè. Àwọn obìnrin ń gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, wọ́n ń bá a wẹ ọmọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù ni, “mọ́kàn le, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” títí etí rẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ dí. Zulaihat tí ìsọ̀ wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lọ́jà, Mùsùlùmí ni, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, ó kàn jókòó tì í ni. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí ìrẹsì yẹn ni Àgbékẹ́ ṣe pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Ohun tó pa ẹnu mọ́ sí rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ọládòṣù kú, ó wà nílé, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Lájídé fi kan ilẹ̀kùn wọn. Ó ti tẹ̀ kọdọrọ, ó di ṣòkòtò mú, òórùn sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó lọ jẹ ìfun sísun ní Kasuwan Shanu lálẹ́ àná rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru wá mú un. Ọkọ̀ tí yóò sin ẹrù lọ sọ́nà Dámbóà ti fẹ́ gbéra, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò bá a lọ. Ó bẹ Ọládòṣù pé kó lọ dípò òun. Àgbékẹ́ po iyọ̀ àti ṣúgà sómi fún un nínú ife ike, ó gbé e mu, ó tún sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọládòṣù wọ bàtà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ tọ́jú inú yín, ẹ̀gbọ́n.” Ó lọ. Ọkọ̀ yẹn kò padà wálé.

Àgbékẹ́ kò bínú sí Lájídé nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ta ni kì í ṣẹlẹ̀ sí? Ká ní ó jáde lọ́jọ́ Àìkú, kó ní ọ̀rẹ́ òun ló lọ dípò òun, Àgbékẹ́ ni ì bá kọ́kọ́ ṣe àmín. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀rí Lájídé tilẹ̀ fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló kó òun yọ, ó sì jókòó. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ó fi ìran kún un. Nígbà tí wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ó fi ohùn Ẹ̀mí kún un. Báyìí, bí wọ́n bá ti dé ibi Wákàtí Ìgbani-níyànjú, tí àlejò bá wà pẹ́nrẹ́n, Pásítọ̀ á ní kí Sájẹ́ńtì wa bọ́ síta. Lájídé á nu ẹnu. Á ní Ẹ̀mí pe òun lórúkọ ní kùtùkùtù, ó ní kí òun má wọ ọkọ̀ yẹn, òun sì gbọ́ràn. “Àwọn tí kò létí ìgbọ́ràn ńkọ́, ibo ni wọ́n wà lónìí?” Ìjọ á dáhùn pé wọn ò sí mọ́. Àbí ẹ ò rí àìlójútì! Àgbékẹ́ á sì yíjú sí apá òsì, á fi ohùn rẹ̀ tó dùn bi wọ́n ní Hausa pé ibo ni wọ́n wà lónìí. Lẹ́yìn ìsìn, á lọ tutọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ rẹ̀ ló já okùn náà. Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bíi ti gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, Hausa ló fi ń lálàá. Lọ́sàn-án Àìkú kan, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó wá béèrè ohun tó dé tí Bàbá òun kò fi gbọ́ràn sí Ẹ̀mí lẹ́nu. Àgbékẹ́ ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ke ce, Mama,” ni ọmọ náà fèsì. Ìwọ ni.

Àgbékẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá Lájídé rí. Ti ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, lọ́jọ́ Àìkú lọ́jọ́ Àìkú, pé òpè tí kò létí ni bàbá rẹ̀. Àgbékẹ́ fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, ó tún un fọ̀, ìtọ́wò burúkú tó wà níbẹ̀ kò kúrò. Ẹnu Lájídé kọ́ ló ń rí i lára mọ́ báyìí, tirẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ bá Pásítọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí Lájídé wá ẹ̀rí mìíràn jẹ́. Pásítọ̀ ní àlejò ń bọ̀ láti Jos lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rí yẹn ló sì ń fún àwọn sójà lókun wọ inú igbó; kó má fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pa iná ẹlòmíì. Ó gbé ọwọ́ tó làágùn lé e lórí, ó lé ẹ̀mí ìkorò jáde lára rẹ̀. Àgbékẹ́ ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ó délé, ó fọ orí.

Ọjọ́ Àìkú pé. Àwọn àlejò jókòó síwájú, Lájídé yọ aṣọ funfun, ó nu òkè, ó nu ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Àgbékẹ́ ń tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, títí wọ́n fi dé ibi tí Ẹ̀mí ti pè é. Ó dákẹ́ níbẹ̀. Lájídé rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ. Àgbékẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń kí àgbà.

“Ẹ̀gbọ́n, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí mo pò fún yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣé Ẹ̀mí ló mu ún ni?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó gbé e mì. Lájídé fi aṣọ funfun bo ẹnu, ó sì mú un dúró síbẹ̀. Àgbékẹ́ wá yíjú sí apá òsì, ó sọ ọ́ fún wọn ní Hausa láìgbé ohùn sókè. Ó sọ ti gudawa, ìyẹn ìgbẹ́ gbuuru, tó mú Lájídé, ó sọ ti ilẹ̀kùn tó kàn, ó sọ ti ọkọ òun tó wọ bàtà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó Gwoza kan ní kí Ọlọ́run ṣàánú olóògbé náà, apá òsì sì ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà. Pásítọ̀ yára dá orin.

Àwọn àgbà ìjọ kò jẹ́ kó délé kí wọ́n tó gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e fún John, ọlọ́pàá kan. Ẹ wá gbọ́ ohun tó rí wọn lára. Kì í ṣe irọ́ ọdún mẹ́rin o. Pé ó dárúkọ ìgbẹ́ nínú ilé Ọlọ́run, níwájú àlejò ni! Àgbékẹ́ kí wọn pé wọ́n ṣeun, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá.

Fẹ́yìsayọ̀ bá ìyá rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ napep títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ló ti dúró, tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀rẹ́ pe Bàbá,” ó ní. “Bàbá sì dáhùn.”

Àgbékẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kó tún un sọ.