Àrá Pa Àbúrò Mi, Wọ́n sì Pè É ní Olè

Òórùn kòkó tútù lórí àpáta gbígbóná: bí ó bá kọ lù mí nímú títí di òní, mo máa ń gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ní àwọn ọdún tí mo ń sọ yìí, kí òyìnbó tó fi ìjọba sílẹ̀ fún wa, ọ̀gá tí mo ń bá ṣe iṣẹ́ oko ní Ìdànrè kò ní pèpéle símẹ́ńtì kankan tí ó lè sá kòkó sí. Àpáta ńlá kan ni ó yọrí láàrin oko rẹ̀ ní ìhà Aládé. Orí rẹ̀ tẹ́jú bí ilẹ̀ yàrá, igi kan kò sì hù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń sá kòkó sí, oòrùn láti òkè, ooru láti ìsàlẹ̀, a sì ń fi páànù bò ó bí ilẹ̀ bá ṣú. Nígbà tí mo bá lọ sílé fún ọdún, mo máa ń fi àpáta yìí yangàn, bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni a jọ wá láti ìhà Ìkìrun. Alágbàṣe ni wá. Ará òkè ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá, àbúrò mi a sì máa dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin tí wọ́n bí lórí òkúta, ẹ wá ń pe ẹlòmíràn ní ará òkè!" Wọn a rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí.

Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wa bí a ti í ṣe bí òjò líle bá ń bọ̀. Ó ní bí ìkùukùu bá ti bo orí àwọn òkè, kí a sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àpáta, kí a má ṣe sá sábẹ́ igi, kí a wọ inú abà, kí a sì jókòó. Ó ní kí a jìnnà sí ipadò pẹ̀lú, nítorí òkúta kì í mu omi. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè ń ya wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odò tí ènìyàn fò kọjá ní àárọ̀ a sì máa gbé ìtì igi lọ ní ọ̀sán. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ni ó sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dárí jì í.

Ní ọ̀sán tí ó ṣẹlẹ̀ náà, ojú ọ̀run ṣú lójijì, àrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. A ṣe bí ó ti kọ́ wa, a sá wọ inú abà, a kò tilẹ̀ ráyè bo kòkó. Ìyàwó ọ̀gá ń dáná ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá wọlé dé, ó wò wá.

"Ta ni ó bo kòkó?"

"Ọ̀gá, àrá ti ń sán," ni mo dáhùn.

"Mo bi yín léèrè kòkó, ẹ ń sọ ti àrá fún mi. Ṣé ẹ̀yin ni àrá ń wá ni?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. "Bí ó bá ń wá mi, ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti relé."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Gbé páànù kí o gòkè! Ẹni tí kò bá lè bo kòkó mi, kí ó di ẹrù rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí òjò yìí dá ná."

"Ta ni ó bá ọ sọ̀rọ̀?"

Mo dìde, ṣùgbọ́n àdá ti gé mi lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Àbúrò mi tì mí jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Kí ẹ tó tiro débẹ̀, kòkó á ti hù." Ó gbé páànù lérí, ó sì jáde.

Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti rí i lórí àpáta, òun nìkan, òun ni ó ga jù níbẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná kọ, ó funfun tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ohunkóhun mọ́. Nígbà tí ojú mi là, páànù nìkan ni mo rí. Mo sáré jáde, ṣùgbọ́n àgbàrá ti ya wọ àárín abà àti àpáta, ó sì gbé mi ṣubú. Ìyàwó ọ̀gá ni ó fà mí ní aṣọ padà. A kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí omi fi fà. Kòkó tí wọ́n rán an lọ bò ti bá àgbàrá lọ tán.

Àṣà ìgbà náà ni pé ẹni tí àrá bá pa, ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sunkún, títí àwọn oníṣàngó yóò fi dé. Wọ́n dé, wọ́n sì béèrè ohun tí ó ṣe. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti dáhùn: "Ó pẹ́ tí kòkó mi ti ń dín." Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ẹ̀rí. Òkú tí ó wà nílẹ̀ ni ẹ̀rí. Wọ́n tú àpótí àbúrò mi, aṣọ àti òòyà nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ní àrá rí ohun tí ènìyàn kò rí. Wọ́n sin ín sínú igbó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá àwọn àgbà. Mo yá agbádá wọ̀, mo rò pé agbádá ni yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Ó tóbi jù mí lọ, apá rẹ̀ ń gbálẹ̀.

"Ṣé àrá ni o fẹ́ pè lẹ́jọ́?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ̀yin bàbá mi, àrá kò sọ pé kí ó gbé páànù. Ẹni tí ó sọ ọ́ jókòó síbẹ̀ yẹn."

Wọ́n pe ìyàwó ọ̀gá. Ó wo ilẹ̀. "Iná ni mò ń fín. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

Mo bi í bóyá èéfín ni ó di í létí. Wọ́n ní kí n má ṣe rí ìyàwó onílẹ̀ fín, wọ́n sì tú ká.

N kò padà sílé. Mo dúró sí Aládé, kí wọ́n lè máa rí mi. Ọ̀gá ti kú, wọ́n sì sin ín tìlù tìfọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi símẹ́ńtì ṣe pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilé. Wọ́n mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá wọn ti darúgbó, ó sì ti di aládùúrà. Ní ọdún tí ó kọjá, òjò líle ká a mọ́ iwájú ilé mi bí ó ti ń bọ̀ láti ìsìn, aṣọ funfun rẹ̀ rin gbingbin. Àrá ń sán. Mo ní kí ó wọlé, kí ó má dúró sí gbangba. Ó jókòó, ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ìyá."

"Àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ti kú tán."

"Àwọn ọmọ wọn kò kú. Igbó Olè ni wọ́n ń pe ibi tí àbúrò mi sùn sí. Àwọn ọmọ iléèwé tí ń gba ibẹ̀ kọjá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn ni."

Nígbà tí òjò dá, ó dìde, ó kí mi, ó sì lọ. Títí di àárọ̀ òní, kò tíì lọ sọ ọ́. Bí ó bá ń kọjá lọ sí ìsìn, mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè rí mi, n kì í sì í ṣẹ́jú.