Ìpè Tí Àǹtí Agboòrùn Ń Dúró Dè

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí nílé ìwòsàn,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbóyà kọ̀wé sí yín. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì. Ohun tí mi ò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Àmọ́ àbúrò ìyá mi ti kú. Kíndìnrín rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló sì kú sí, ní wọ́ọ̀dù tó wà lókè yàrá tí ẹ ti máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìwádìí.

Àǹtí Agboòrùn là ń pè é. Kọ́tìnì ló ń rán. Oòrùn máa ń ru àìsàn rẹ̀ sókè, nítorí náà kì í jáde láìgbé agboòrùn, ì báà jẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́ lọ dà nù. Àwọn ọmọ àdúgbò á ní, "Àǹtí, òjò ti dá o!" Á ní, "Ẹ bá mi sọ fún oòrùn kí òun náà dá, ẹ̀yin ọmọ ìyà!" Á wá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì.

Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ara rẹ̀ ni wọ́n dojú ìjà kọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ apẹ̀tùsááwọ̀: àwọn ló ń sọ fún ìyókù pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, ará ilé nìyí." Ó jọ pé ti Àǹtí ò tó, tàbí pé àárẹ̀ ti mú wọn. Ohun tí ọ̀gá yàrá ìwádìí yín ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bí wọ́n ṣe rí gan-an. Nítorí náà, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní kó dá oògùn dúró. Tí wọ́n bá gbà á tán, nọ́ọ̀sì á ní, "Ó yá, ẹ máa lo oògùn yín lọ."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó ti dá oògùn dúró, ẹ̀rọ tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì bàjẹ́. Wọ́n pè é: "Ẹ má tíì wá, a máa pè yín." Kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí bàtà ò fi gbà á mọ́.

Ìyá mi pariwo: "Lo oògùn rẹ, jàre! Ṣé orí kunkun yìí lo fẹ́ gbé lọ sọ́run?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n dúró. Tí mo bá lò ó, mo ti ba ìwádìí wọn jẹ́ nìyẹn. Ẹ wò ó, ó lè wo ọmọ ẹlòmíì sàn."

Ó pe yàrá ìwádìí. Wọ́n ní ọ̀gá rìnrìn àjò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì ìránṣọ. Èmi ni mo gbé e. Nọ́ọ̀sì yẹn ló pè.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ̀rọ ti dáa o! Ẹ ò tíì lo oògùn yẹn, àbí?"

Ó rò pé Àǹtí ni mí, kò sì dúró gbọ́ èsì.

"Ẹ ṣeun mà. Ẹ kú sùúrù."

Láti ìgbà náà, bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀, "ẹ kú sùúrù" yẹn ni mò ń gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ Àǹtí ṣì wà nínú fíríìsà yín, iná kì í lọ lórí rẹ̀. Ẹ yan ẹni tó ń ṣọ́ fíríìsà tọ̀sán-tòru. Ta lẹ yàn láti ṣọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá ẹni tó ń sọ pé "ó tó" nínú ara ọmọlàkejì, ta ni nínú yín tó yẹ kó sọ ọ́?

Bóyá mo ti sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi. Síbẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni tó yẹ kó pè é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró láìsọ ọjọ́ tó máa padà sí i. Kí ẹ sì wá sílé wa. Dókítà wọ́ọ̀dù sọ fún ìyá mi pé àbúrò rẹ̀ kọ oògùn sílẹ̀, ìyá mi sì gbà á gbọ́; ó ní àwáwí lásán ni "wọ́n ní kí n dúró" yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yìí pamọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá mi rí i. Ó ṣì ń bá òkú jà lójoojúmọ́ nínú yàrá ìránṣọ, tó ń pè é ní olórí kunkun. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ pé àbúrò òun gbọ́ràn.