Àgbébọ̀ Òpìpì Tó Kù

Ọdún tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ni ìran òpìpì ìyá mi parẹ́. Òpìpì ni adìẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò kún, tí kò lè fò. Láti Ọ̀yọ́ ni ìyá mi ti gbé wọn wá, èmi sì ń sìn wọ́n lẹ́yìnkùlé wa ní Bàrígà.

Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, bàbá rẹ ló ra adìẹ àgíríìkì kan lọ́dún náà, ló dà á mọ́ tèmi. Àṣé ó ti ní àrùn lúkúlúkú. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo wọn fi kú tán.

Ọkàn mi ṣì balẹ̀ díẹ̀. Mo ti fún obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja ní Ladi-Lak létí ọ̀sà ní àgbébọ̀ kan nínú wọn sìn, pé tó bá pamọ, ká jọ pín in. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

"Màmá aládìẹ, ẹ jókòó ná."

"N ò wá jókòó. Adìẹ mi dà?"

Ó wolẹ̀. "Màmá, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ wa jáde sójú omi. Àwọn ọmọ ń sunkún ebi. A ti pa á jẹ."

"Ẹyin rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹyin la kọ́kọ́ jẹ, Màmá."

Mo gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sílé.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mi ní kí n má kí i mọ́. Mo ní, "Ká ní ẹ̀yin lẹ̀ ń sunkún ebi lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni ǹ bá dúńbú ẹ̀."