Ìmọ̀ràn Tí Téèpù Gba Ìjọba

Téèpù ni gbogbo òpópónà ń pe obìnrin aránṣọ náà, nítorí kò sí ẹni tó rí ọrùn rẹ̀ rí láìsí téèpù ìwọnṣọ níbẹ̀. Ó ń gbé e kọ́rùn lọ sọ́jà, ó ń gbé e kọ́rùn lọ síbi àìsàn. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bá a yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀bá sàréè. Ó mọṣẹ́, ó lẹ́nu, ó sì kórìíra ìdọ̀tí. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òwú funfun kì í bá òwú dúdú gbé inú agolo kan náà, sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan bébà. Òun ló ń gé, òun ló ń rán. Àbúrò rẹ̀ ń fọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ, ó sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ba ayé Téèpù jẹ́. Ọkùnrin jórinjórin ni, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Bó bá ti ń jórin, iná gbogbo òpópónà á rẹlẹ̀, maṣíìnì Téèpù á máa kérora bí arúgbó tó ń gun òkè, abẹ́rẹ́ á sì máa fo ojú rírán. Bẹ́ẹ̀ sì ni eruku irin ń gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ojú kì í rí i lára aṣọ funfun, àfi tí omi bá kàn án. Ìgbà yẹn ni ìpẹtà á yọ sí i wínníwínní, bí ẹni pé ara aṣọ ló sú. Báyìí ni aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ṣe bàjẹ́ mọ́ Téèpù lọ́wọ́, wọn kò sì padà wá bá a mọ́.

"Jórinjórin, o tún ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ má bínú, màámi. Irin ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ránṣọ."

"Orí ẹ ló yẹ kí o jó pọ̀, ó ti là!"

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, iná á sì tún rẹlẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí maṣíìnì Téèpù ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni ibà ń ṣe, òun ló ri irin mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, tó sì jó ẹsẹ̀ maṣíìnì náà pọ̀ mọ́ ọn pinpin. Kò gba nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni maṣíìnì ti dúró bí òkúta.

Nígbà tó yá, ìjọba kéde pé òun fẹ́ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba òun nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe ran àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́. Àwọn olówó ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún ẹni tí àwọn oníṣẹ́ òpópónà bá yàn. Gbogbo wọn pé síwájú ṣọ́ọ̀bù sọbàtà, ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn. Káfíńtà fẹ́ ipò náà, onítẹ̀wé fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di ìjà. Jórinjórin ló là á.

"Ẹ jẹ́ kí Téèpù lọ. Ẹnu wọn mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi mí dánra wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lò ó fún ìjọba."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ó wá yíjú sí Téèpù. "Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bá wa bèèrè, màámi. Kí wọ́n fún wa ní iná tó máa gbé gbogbo wa. Bí iná bá ti tó, èmi á jórin, ẹ̀yin á ránṣọ, ìjà wa parí."

"Mo gbọ́."

"Iná o."

"Mo ní mo gbọ́! Ṣé irin ni etí mi ni?"

Ó rán aṣọ funfun kan fún ara rẹ̀ nítorí ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀. Nígbà tó wọ́n omi sí i láti lọ̀ ọ́, ìpẹtà yọ, ó tó èékánná, ní ọ̀gangan àyà. Kò sí àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ó fa téèpù rẹ̀ wálẹ̀ láti ọrùn, ó fi bò ó. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná o."

Téèpù tún ọwọ́ fi tẹ téèpù náà mọ́ àyà, ó sì jáde.

Yàrá ìgbìmọ̀ tutù, ó mọ́, ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà. Alága ìgbìmọ̀, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ páálí, dìde kí i, ó sì fún un ní àga tó kọjú sí tirẹ̀.

"Màmá, kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù ní òpópónà yín?"

Iná wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pè é. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà láti tún téèpù tò, ìka rẹ̀ sì bá ìpẹtà náà pàdé.

"Ìdọ̀tí ni, sà," ló bá wí. "Ìdọ̀tí àti ariwo."

Ó sọ ti eruku irin, ó sọ ti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn èèyàn pàtàkì ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń dùn sí i. "Ká sòótọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, òpópónà yẹn kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọmọlúàbí ti máa ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ẹ gbọ́?" ni alága wí. "Ẹnu oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó délé, jórinjórin ti ń dúró dè é. "Màámi, ṣé ẹ bèèrè ẹ?"

"Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Ẹ ṣeun, màámi. Ọlọ́run á gbè yín." Ní ọjọ́ yẹn, ó pa iṣẹ́ tì kí Téèpù lè rí iná ránṣọ. Téèpù rán an títí ilẹ̀ fi ṣú, abẹ́rẹ́ kò fo ojú rírán kan.

Ní ìpàdé kejì, alága kéde pé ìjọba ti gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀. Wọn yóò kó gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà náà kúrò, wọn yóò fún wọn ní pápá kan lẹ́yìn ìlú. Iná kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. "Ìmọ̀ràn màmá wa ni," ló wí, gbogbo wọn sì tún pàtẹ́wọ́.

"Jórinjórin nìkan ni mo ní lọ́kàn, sà!"

"Ìjọba kì í lé ẹnì kan, màmá. Òfin là ń ṣe."

"Ṣọ́ọ̀bù tèmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kò yẹ ọmọlúàbí. Ṣé ká wá fi yín sílẹ̀ níbẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ti ìgò omi kan sí iwájú rẹ̀. "Ẹ mumi."

Téèpù kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló wá sọ ọ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù sọbàtà. "Ẹ má bínú sí wa o. Aṣojú yín ló gbà wá nímọ̀ràn."

Gbogbo ojú yí sí Téèpù. Sọbàtà ló kọ́kọ́ lanu. "Iná la ní kí o lọ bá wa mú wá. O kúkú mú un wá, ó ti jó wa." Ìyàwó káfíńtà tutọ́ sílẹ̀. Àbúrò Téèpù kó agolo bọ́tìnnì rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń bá àwọn yòókù lọ sí pápá, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó káfíńtà ni òun sì máa jókòó sí. Jórinjórin ní tirẹ̀ padà sídìí irin rẹ̀.

Wọ́n kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Téèpù dúró. Ó dá a lójú pé wọn kò ní fọwọ́ kan ọmọ ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ tí gbèdéke ìjọba pé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó irin dé láti fi dí iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n sì ti háyà jórinjórin tó wà nítòsí jù. Ẹni tí Téèpù fẹ́ kí wọ́n lé, òun nìkan ló ríṣẹ́ níbẹ̀.

Téèpù sáré kó aṣọ, ó kó òwú. Nígbà tó kan maṣíìnì, ó fà á, kò mì. Ìgbà náà ló rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n jó mọ́lẹ̀. Ó jáde síta.

"Jórinjórin, ọmọ mi. Wá bá mi gé ẹsẹ̀ maṣíìnì yẹn. Kò ní pẹ́."

Ọkùnrin náà ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Ó wò ó. "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀, màámi."

"Ìgbìmọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀." Ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn, kí ó má ta sí yín lára."

Téèpù sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi irin kan irin. Téèpù ti gbàgbé láti pa gílóòbù tó wà lókè maṣíìnì rẹ̀, ó sì ń wò ó láàárín àwọn irin bí wọ́n ṣe ń pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dúró kó rẹlẹ̀, bó ti máa ń rẹlẹ̀. Kò rẹlẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń lo iná ní òpópónà náà mọ́. Iná ti tó.