Lẹ́tà Tó Wọ Bàtà Pákó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí a ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmè, bàbá mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kétu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ tí àpótí lẹ́tà tuntun dé láti Kùtọnu, ijó ni mo jó! Lẹ́tà òjé ni, irú èyí tí a ń tò láti fi tẹ̀wé. Gbogbo wọn fara tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn nípọn bí ẹni tó wọ bàtà pákó. Bàbá mi ní, "Eléyìí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, igbe ló ń ké." Orí ìwé ìkéde ló yẹ ẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn fẹ́ tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi tẹ odidi ìwé, ojú á rẹ ẹni tó ń kà á. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó fi tẹ ìkéde òkú. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní òkú kì í sáré.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà kì í ṣe eré o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ pé bí ẹ̀rọ yẹn kò bá bọ́ wa títí àgbàdo fi gbó, kí bàbá mi padà sóko ní Odomẹta. Àfi bí opó oníṣòwò kan ṣe wọlé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa ná ọ̀nà Pobẹ̀. Ó fẹ́ afíṣì tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní bó bá dára, iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà di tiwa.

Bàbá mi to lẹ́tà tuntun náà gàgàrà: OKO MI TUNTUN TI DE, E WA BA MI YO. Lẹ́tà Faransé ni, kò ní àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ Yorùbá kankan.

Háà! Kó tó di ọ̀sán, àwọn obìnrin ti kún ilé opó náà, wọ́n ń kọrin ìyàwó fún un! Ó sáré dé ọ̀dọ̀ wa, gèlè lọ́wọ́. "Bàbá atẹ̀wé, ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi wá ọkọ? Ẹ tún un ṣe lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí láàárín wa!"

Bàbá mi kó àwọn afíṣì náà sílẹ̀ níwájú wa. Èmi tí mo rò pé mo mọ̀wé, mo fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, mo tì í bọ yíǹkì, mo kán àmì sábẹ́ O méjèèjì inú OKO. Ìyá mi, tó kọ́ ìwé Yorùbá ní Mẹ̀kọ lódìkejì ààlà, bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè rò pé oko àgbàdo ni. Ìwọ ti wá so yìgì fún un pátápátá!" Ó gba ìgbálẹ̀, ó fa ìlà kékeré lé orí O ìkẹyìn. Ọkọ di ọkọ̀! Inú mi dùn, mo pariwo. A ṣe gbogbo afíṣì bẹ́ẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìka mi fi dúdú.

Opó náà rí i, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹgbẹ́ ọlọ́jà sì tẹ̀ lé e wá. Nígbà tí àgbàdo gbó, jíjẹ la lọ jẹ ẹ́ ní Odomẹta.

Ayé ti yí padà. Fóònù ọmọ-ọmọ mi ní gbogbo àmì wọ̀nyẹn nínú, ṣùgbọ́n kì í lò wọ́n. Lóṣù tó kọjá ó kọ̀wé sí mi: "Mama, oko mi ku si ona Pobe." Mo ti ń sunkún ọkọ rẹ̀ kí n tó pè é. Mọ́tò ló kú sọ́nà! Mo wo ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wo fóònù lọ́wọ́ mi, n kò rí ibi tí mo fẹ́ ti igi ìgbálẹ̀ bọ̀.