Àlùbọ́sà Tí Ọrùn Rẹ̀ Kọ̀ Láti Gbẹ

"Ta ló da ajílẹ̀ sóko mi?"

Ìyá Alálùbọ́sà dúró létí oko, báàgì ìrìn-àjò ṣì wà léjìká rẹ̀. Àlùbọ́sà tí ewé rẹ̀ ti ń wó lulẹ̀ kí ìyá náà tó kúrò nílé ti tún nà gbọnran, ó tutù yọ̀yọ̀.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí kò mọ ohunkóhun nípa oko, ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Nígbà tí o lọ tọ́jú ọmọ wa tó bímọ, mo rí i pé ewé ń pọ́n. Mo ní ebi ló ń pa á. Odidi àpò méjì ni mo dà sí i. Wo bó ṣe tutù!"

"Ebi kẹ̀? Gbígbó ló ń gbó, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Ìbínú gbé "ẹ̀yin" lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ilẹ̀ àbàtà dúdú ni ilẹ̀ ọ̀hún. Koríko tó jẹrà láti ayébáyé ló di ilẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú un gbóná, òun fúnra rẹ̀ ní í bọ́ ohun tó bá hù nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba ajílẹ̀ díẹ̀ ni obìnrin yìí máa ń fún un níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá fọ ilẹ̀ tí òtútù sì mú un. Àlùbọ́sà tó bá jẹ àjẹyó nígbà tó yẹ kó máa gbẹ, ọrùn rẹ̀ á ki, yóò sì jẹrà nínú àká.

Bàbá obìnrin náà ló ni ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, fẹ́ wa ilẹ̀ dúdú náà tà fáwọn tó ń gbin òdòdó. Bàbá ti là á mọ́lẹ̀: bí àlùbọ́sà ọdún yìí bá pẹ́ nínú àká, ọmọbìnrin ló ni ilẹ̀, bó bá jẹrà, ẹ̀gbọ́n gbà á nìyẹn.

Wọ́n kó o sí àká. Ó jẹrà. Òórùn rẹ̀ lé wọn jáde nílé.

Bàbá tẹ ọrùn ọ̀kan, omi tú jáde. Ẹ̀gbọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣeré lọ́wọ́. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀bi tèmi ni."

"Mi ò bi ọ́." Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni mo fi oko lé lọ́wọ́. Níbo lojú rẹ wà?"

"Ojú mi?" Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ojú mi wà lára ọmọ-ọmọ yín, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò lè dìde! Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ, Bàbá. Ẹ ní oko ò níí sá lọ."

Bàbá wolẹ̀. Àgbà tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa wolẹ̀ lọ! Síbẹ̀, kò yí ìdájọ́ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó oko náà lọ.