Eku Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nagamine Pè Lọ́bọ

Níbi ìpàdé kan ní Kyoto, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ń fi àwòrán sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ọ̀bọ yangàn nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nagamine dìde níwájú. "Ọmọ dáadáa, ọ̀bọ wo lèyí? Eku lo gbé wá. Lọ fún ológbò jẹ." Ẹ̀rín sọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, eku ni lóòótọ́.

Chizuru, akẹ́kọ̀ọ́ Nagamine, ti gbọ́ àlàyé náà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi sú u. Sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ lè di ojú, ó lè di ẹ̀dọ̀. Ti eku kò tíì pinnu nǹkan kan, ó ṣù bí òkìtì kékeré nínú àwo. Ti ọ̀bọ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ di nǹkan kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ayé ń wá bí wọ́n á ṣe dá ti ọ̀bọ padà síbẹ̀rẹ̀, Nagamine sì ń yọ ṣùtì sí gbogbo ayé. "Àwọn onímọ̀ Tokyo tó ń bá wa díje? Wọn ò lè dá tíì gbígbóná padà sí tútù!"

Ahun tún ni. Ìgò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n máa lò fún eku àti ọ̀bọ.

"Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀, sà, kí sẹ́ẹ̀lì eku má bàa bọ́ sínú ti ọ̀bọ," ni Chizuru bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé wọ́n ń jà ni?"

Lọ́dún kẹrin, sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ Chizuru ṣù. Bàbá Nagamine ra mànjú, àkàrà dídùn roboto, fún gbogbo ilé ìwádìí, ó gbé ọ̀kan sókè. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí!" Kó tó jẹ ẹ́ tán, ó ti tẹ Tokyo láago láti yangàn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Chizuru ṣe ìdánwò oyè dókítà ni èsì àyẹ̀wò ìran sẹ́ẹ̀lì náà dé. Bó bá dákẹ́, oyè ti dọ́wọ́. Ó kanlẹ̀kùn bàbá, ó na ìwé èsì náà sí i.

"Ẹ má bínú, sà. Eku ni."

Bàbá ka ìwé náà tán. "Ìgò mi ló fà á. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó o kọ orúkọ mi sí i." Òun fúnra rẹ̀ ló tún pe Tokyo. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará Tokyo.

Bí a ṣe ń dá eku mọ̀ láàárín ọ̀bọ ni Chizuru fi gboyè.

Lọ́dún yẹn, nídìí òkúta tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, bàbá tẹrí ba fún ọ̀bọ, ó tún tẹ̀ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ̀yin eku, ẹ dákun. Èmi ni mo pè yín lọ́bọ."

Bàbá ti kú báyìí. Chizuru ló ń darí ilé ìwádìí náà, ìgò sì ti di méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àwo sáré wọlé. "Mà, ti ọ̀bọ ti ṣù!"

"Eku ni. Lọ fún ológbò jẹ," ló jáde lẹ́nu Chizuru kó tó wo àwo náà.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárò bàbá sọ ọ́ gan-an. Ó gbé mànjú kan lọ sídìí òkúta náà, ó bù ú sí méjì, ó fi ìlàjì sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì jẹ ìlàjì kejì, nítorí bàbá ò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan ṣòfò.